Páálí kan, orúkọ ìdílé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè náà rèé, bí arábìnrin kan ṣe kọ ọ́ sí gbogbo wa; ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá a lóhùn, ìdáhùn tèmi ló tẹ̀ lé e:

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kú. Kò bímọ, èmi ni ẹrù rẹ̀ kàn. Páálí kan wà nínú ẹrù náà tí ìwé kún inú rẹ̀ bámú: lẹ́tà tí wọ́n fi òwú pupa dì ní ìdì méjì, ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì, àti fọ́tò mẹ́rìnlá tí wọ́n kọ orúkọ sẹ́yìn díẹ̀ nínú wọn. Orúkọ ìdílé tó wà lára àwọn ìwé yìí kì í ṣe tiwa. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo àgbà tó kù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Àbúrò mi ọkùnrin ti tú ìdì kan, ó fẹ́ to gbogbo rẹ̀ ní ọdún-ọdún. Ẹlòmíì ní kí n dà á nù, pé kí ló kàn mí kan òkú ẹni ẹlẹ́ni. Déètì tó pẹ́ jù tí mo rí níbẹ̀ ni '14 7ber 1821'. Ṣé tiwa ni àwọn èèyàn yìí, àbí wọn kì í ṣe tiwa? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

*

Ẹ sọ fún àbúrò yín kó gbọ́wọ́ kúrò nínú páálí yẹn. Títo ìwé ní ọdún-ọdún dùn ún ṣe, ojú á sì rí i pé iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bàjẹ́ ni ẹ̀rí tí wọn ò kọ sínú ìwé kankan: èwo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èwo, èwo ni wọ́n dì pọ̀, èwo ni wọ́n ká sínú èwo. Bí rìsíìtì bá wà nínú àpòòwé lẹ́tà, ẹnì kan ló fi í síbẹ̀, ó sì nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìdí yẹn ti lọ nìyẹn.

Kì í ṣe èmi ni mo dá òfin yìí sílẹ̀. Láti 1841 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé ti pàṣẹ fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìjọba ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan pé ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, ìdílé kan tàbí ẹnì kan wá, kí wọ́n jẹ́ kó wà pa pọ̀, kí wọ́n má ṣe pín in káàkiri nítorí ohun tó ń sọ. Àwọn ilé ìpamọ́ ìwé káàkiri àgbáyé ṣì ń tẹ̀lé e títí dòní.

Ẹ ya fọ́tò páálí náà láti òkè kí ẹ tó mú ohunkóhun jáde. Lẹ́yìn náà ẹ máa mú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, títí kan ẹ̀yìn tó ṣófo. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà kékeré sí igun ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Nínú ìwé àjákọ tiyín, ẹ kọ ọ́ pé nọ́ńbà 17 wà nínú àpòòwé nọ́ńbà 16. Iṣẹ́ yìí nìkan lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò sì ní mọ orúkọ ẹnì kan sí i nígbà tí ẹ bá parí. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìdì tí àbúrò yín ti tú ńkọ́? Ẹ bi í léèrè nísinsìnyí, kí ó tó gbàgbé, bó ṣe bá a. Ẹ má bú u, torí tí ẹ bá bú u kò ní rántí nǹkan kan.

*

Ìdáhùn tí àwọn èèyàn ti fún arábìnrin yìí kò ju oríṣi mẹ́ta lọ. Àwọn kan ní kó tẹ orúkọ ìdílé náà sí Google. Àwọn kan ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Àwọn tó kù ní kó gbé páálí náà lọ bá àwọn onímọ̀ ní ilé ìpamọ́ ìwé. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fo ìbéèrè kan tó yẹ kó ṣáájú: ta ló kó ìwé yìí jọ, kí ló sì dé tí kò fi sun ún?

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé lè yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó tọ́jú ìwé. Ẹni tó yáni lówó á máa tọ́jú ìwé ilẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alámòójútó ogún á kó lẹ́tà olóògbé lọ sílé ara rẹ̀, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí òun náà á fi kú. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lè fi ìwé àwọn òbí tó bí i pamọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin tó fẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lè bá lẹ́tà ìyàwó àkọ́kọ́ nínú àpótí, kó má sì láyà láti jù ú nù. Tún wá wo agbẹjọ́rò, ayálégbé, àti aládùúgbò tó mọ̀wé kà láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ìdí rèé tí mo fi ń pariwo. Lẹ́tà mọ́kànlélógójì ló kàn mí, ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi to àtẹ ìran wọn. Mo mọ ọmọ, mo mọ ọmọ-ọmọ, mo mọ ẹni tó kú sínú ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó bá àbúrò rẹ̀ jà nítorí ààlà ilẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kíyè sí i pé ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ déètì kékeré kan sẹ́yìn àpòòwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "mo ti dáhùn". Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà. Opó tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, àmì àgbélébùú ló fà sí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà yẹn, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé: "Ẹni tó bá ń ka èyí sí Màmá létí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á." Mo ti ka ìlà yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹni tó ń kà á sí i létí yẹn ni èèyàn mi. Gbogbo àtẹ ìran tí mo fi ọdún méjì tò, ti ẹni ẹlẹ́ni ni. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé mo ti to àwọn lẹ́tà náà ní ọdún-ọdún kí n tó mọ̀. Títí dòní mi ò lè sọ èwo nínú wọn ni ẹni náà dì mọ́ ìwé tirẹ̀.

*

Arábìnrin náà padà wá: "Àbúrò mi ní Oṣù Keje ni 7ber. Ó ní nọ́ńbà ò kí ń purọ́."

Oṣù Kẹsàn-án ni. "Septem" ni àwọn ará Róòmù ń pe méje, oṣù kẹta tiwa yìí sì ni ọdún wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí September jẹ́ ìkeje. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ro àwọn akọ̀wé, wọ́n á kọ 7ber, 8ber, 9ber, 10ber tàbí Xber: Oṣù Kẹsàn-án, Ìkẹwàá, Ìkọkànlá, Ìkejìlá. Oṣù méjì péré ni àṣìṣe yẹn, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó di ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀.

Ti ọdún tún le ju ti oṣù lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di 1752, ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ni wọ́n ń yí ọdún padà. Ẹ lè rí i nínú ìwé ìjọ pé tọkọtaya ṣègbéyàwó ní Oṣù Kẹfà 1720, kí ọmọ wọn sì ṣèrìbọmi ní Oṣù Kejì 1720. Àwọn tó ń kánjú á ti máa tẹ́ wọn. Oṣù Kejì yẹn wá lẹ́yìn Oṣù Kẹfà nínú ọdún wọn. 1721 ni àwa máa kọ ọ́ sí lónìí. Ní 1752 yẹn kan náà, wọ́n sùn ní ọjọ́ kejì Oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ mọ́ wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá, torí wọ́n pa kàlẹ́ńdà àtijọ́ tì, wọ́n gba èyí tí à ń lò lónìí. Rọ́ṣíà kò ṣe tirẹ̀ títí di 1918. Ilẹ̀ Faransé lo kàlẹ́ńdà tuntun tí àwọn olùyípadà-ìjọba gbé kalẹ̀ láti 1793 títí 1805 fi parí, oṣù rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ọdún Hijira ti àwọn Mùsùlùmí sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju èyí tí à ń kà lọ, nítorí náà ẹ má kàn fi 622 kún un kí ẹ ní ó ti tán.

Ẹ kọ déètì bí ẹ ṣe bá a, ẹ má yí àmì kan padà. Ìtumọ̀ tiyín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá yín jiyàn.

*

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ funfun tó fẹ́ẹ̀ dìjà láàárín àwọn tó ń dáhùn, bóyá ká wọ̀ ọ́ mú ìwé: ìwé kò nílò ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ bí ìwé ṣe fẹ́lẹ́ tó, etí ìwé ló sì máa ń ya. Fọ́tò ni kí ẹ wọ̀ ọ́ fún, nítorí òróró ara ìka máa ń tẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

Sẹ́lótéèpù, rárá. Lamínéètì, kí a má rí i. Píìnì àti sítépùlù tó ti dípàátà, ẹ rọra yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí wọ́n so pọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n. Gígé ìwé ìròyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ fi ìwé funfun tí kò ní ásíìdì sáàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀. Igi tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ásíìdì inú rẹ̀ á sọ ọ́ di pípọ́n, á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ìwé 1821 le ju ìwé 1920 lọ. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé nígbà yẹn.

*

Ẹnì kan ní kò sí bí a ṣe lè mọ ọjọ́ orí ìwé tí kò ní déètì. Ọ̀nà wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara lẹ́tà. Bí kò bá ní àpòòwé, tó jẹ́ pé ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ká tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nígbà yẹn, iye ewé ìwé ni wọ́n fi ń gba owó, àpòòwé náà sì jẹ́ ewé kan, ta ló fẹ́ san ìlọ́po méjì? Sítáǹpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kò sí títí di 1840, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Penny Black jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, ìyẹn ni ẹ ṣe máa rí iye owó tí wọ́n fi gègé kọ sójú ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé nọ́ńbà ilé ni.

Fọ́tò kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, tó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ìbú àti mẹ́wàá ní gígùn: 1854 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀ ní Paris, ẹ̀yìn 1860 ló wá gbòde kan. Bí sítáǹpù owó orí Amẹ́ríkà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kú oríire, torí àárín 1864 sí 1866 nìkan ni wọ́n gba owó yẹn lórí fọ́tò. Bí fọ́tò bá jẹ́ póòsìkáàdì, ẹ wo ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ìlà pín sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá kan, àdírẹ́sì lápá kejì, kò lè ṣáájú 1902, ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè. Ti Amẹ́ríkà di 1907.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún páálí yìí. Fọ́tò mẹ́rìnlá, orúkọ wà lẹ́yìn díẹ̀. Kí ni wọ́n fi kọ orúkọ náà? Bó bá jẹ́ bírò ni, ẹni tó kọ ọ́ kò kọ ọ́ ṣáájú ogun àgbáyé kejì. 1938 ni Bíró, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe kálàmù yẹn, kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, 1945 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, fọ́tò 1870 tí wọ́n fi bírò kọ "Ìyá àgbà" sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ló jókòó lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ tó ń dá àwọn òkú mọ̀ láti orí ìrántí. Ó lè jẹ̀bi, ó lè jàre. Ìyá àgbà ta ni? Ti ẹni tó kọ ọ́ ni, kì í ṣe tiyín.

Mo fẹ́ràn kí n bá irú àkọlé bẹ́ẹ̀ pàdé ju èyí tó pẹ́ lọ, kí n sọ òótọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni olùtọ́jú tí à ń wá.

*

"Ìwé kì í parọ́, ẹnu èèyàn ló ń parọ́." Ẹnì kan tẹnu mọ́ èyí lẹ́ẹ̀mẹta, ó dà bí ẹni pé ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ta ló wá ń sọ ohun tí ìwé ń kọ? Ẹnu èèyàn náà ni. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú. Ọjọ́ ikú àti ibi tó kú sí, ẹ lè gbà á gbọ́ dé àyè kan, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí àti orúkọ àwọn òbí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló dúró níwájú akọ̀wé tó ń dáhùn. Bóyá àna olóògbé ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú ni wọ́n ń gbé lọ sin. Ọmọkùnrin á fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́ ológun, obìnrin á yọ díẹ̀ kúrò níwájú ọkọ tó kéré sí i. Ìwé á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Orúkọ wá ńkọ́? Ìtàn kan wà tí gbogbo èèyàn ń tún sọ: pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Ellis Island, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn àjòjì wọlé láti 1892 sí 1954, ló ń yí orúkọ èèyàn padà nítorí pé wọn ò lè pè é. Orúkọ tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀ ti wà lórí ìwé ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n sì ti kọ ọ́. Àwọn èèyàn fúnra wọn ló yí orúkọ wọn padà lẹ́yìn tí wọ́n dé, torí iṣẹ́ tàbí torí gbèsè, nígbà mìíràn torí pé olùkọ́ ọmọ wọn kò lè sípẹ́lì rẹ̀. Àwọn ibòmíì sì wà tí kò sí orúkọ ìdílé rárá láti yí. Òfin 1934 ló fi dandan lé orúkọ ìdílé ní Tọ́kì. Ní Iceland títí dòní, orúkọ bàbá tàbí ìyá ẹni ni èèyàn púpọ̀ ń jẹ́, nítorí náà orúkọ ìkẹyìn bàbá àti ti ọmọ kì í bá ara mu.

Nítorí náà, kí arábìnrin yìí má sọ pé "orúkọ yìí kì í ṣe tiwa" kó wá tán síbẹ̀. Kì í ṣe tiyín lónìí ni. Obìnrin mẹ́rin ló bí àwọn òbí bàbá yín àti àwọn òbí ìyá yín, orúkọ ilé bàbá wọn mélòó ni ẹ mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tún mú ọ̀rọ̀ ìbátan wá, pé wọ́n kọ "cousin" sínú lẹ́tà, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ni. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "cousin" lè jẹ́ ìbátan èyíkéyìí, "Junior" sì lè jẹ́ ẹni tó kàn kéré lọ́jọ́ orí ní ìlú kan náà. Àwa tí gbogbo ẹni tó jù wá lọ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ni irú èyí wá ń ṣe ní kàyéfì?

*

Bí ẹ kò bá lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ wá ohun tí ẹ ti mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: orúkọ oṣù, orúkọ ìlú, ìkíni, "ní orúkọ Baba". Ẹ da lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kọ sórí ìwé kan, á di álífábẹ́ẹ̀tì akọ̀wé yẹn, ẹ wá fi ka ìyókù. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Jámánì, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé títí di 1941, dẹ́rù ba àwọn ará Jámánì òde òní pàápàá. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà bíi Transkribus lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ ṣáà máa rántí pé orúkọ èèyàn ni wọ́n sábà máa ń ṣì kà, orúkọ náà sì ni ẹ ń wá.

*

Arábìnrin náà tún padà: "Mo ti ya gbogbo rẹ̀ tán àyàfi ìdì kejì. Orúkọ ẹlẹ́rìí kan wà nínú ìwé mẹ́ta: ìwé ilẹ̀ 1858, ìwé ìgbéyàwó 1863, àti ìwé gbèsè 1871. Ìdílé tó ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣé ó túmọ̀ sí nǹkan kan?"

Ó túmọ̀ sí púpọ̀. Ẹni tó bá ń ta ilẹ̀ kì í pe ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì láti wá jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbéyàwó. Ẹni tó sún mọ́ wọn tí wọ́n fọkàn tán ni wọ́n máa ń pè, tàbí akọ̀wé tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún gbogbo àdúgbò. Ọdún mẹ́tàlá, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹlẹ́rìí kan. Ẹ fi ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ wo bóyá ọwọ́ kan náà ni. Ìwé tó jẹ́ ẹ̀dà lè má ní ìfọwọ́sí gidi, akọ̀wé á kàn da orúkọ kọ, nítorí náà ẹ wo bóyá ọwọ́ tó kọ orúkọ ẹlẹ́rìí jọ ọwọ́ tó kọ gbogbo ìwé náà. Bó bá jọ ọ́, ẹ ò ní ìfọwọ́sí lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń tì í sí DNA, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kó ní sùúrù. Ìbátan tó jẹ́ pé òbí wọn pàdé ní ìran karùn-ún sẹ́yìn, nǹkan bí ìdajì wọn ni àyẹ̀wò kò ní rí ohunkóhun tó so wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbátan gidi ni wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹni tó tọ́jú páálí yìí bá jẹ́ agbẹjọ́rò àwọn ìdílé náà, DNA ò ní sọ nǹkan kan rárá, á sì jọ pé òkùnkùn ni.

*

Ní ṣókí lórí ilé ìpamọ́ ìwé: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ìlú àti ọdún tí ẹ ń wá. Ẹ béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ náà. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin, olú ìlú Ireland, jóná ní 1922. Iná 1921 ló ba ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 jẹ́, èyí tó kù kò tó nǹkan. Ti England àti Wales ti 1931 jóná ní 1942. Èyí tó wà láyé náà ní àkókò tí wọ́n ń ṣí i: ọgọ́rùn-ún ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 72 ní Amẹ́ríkà. Nígbà mìíràn, ẹ̀dà tó wà nínú páálí ilé èèyàn nìkan ló kù láyé. Ẹni tó ní kí wọ́n dà á nù, ẹ gbọ́?

*

"Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn." Òótọ́ ni, mo sì gbà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó sọ pé ọmọ kan kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ má gbé e síta kí ẹni náà kọ́kọ́ kà á lórí fóònù. Ẹ wá a, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀. Àmọ́ mi ò fara mọ́ àwọn tó ní kí ẹ ya ojú ìwé yẹn dànù. Ẹ tì í sínú àpótí, ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sí ara rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ṣáájú yín náà ka lẹ́tà yẹn, kò sì ya á.

*

Ó tún kọ̀wé lálẹ́ àná, ẹ̀rín kún inú ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ìyá mi rántí! Orúkọ ìdílé ẹlẹ́rìí yẹn ni ìyá bàbá mi ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Ó ti yanjú!"

Inú mi dùn, kò tíì yanjú. Láti ẹlẹ́rìí 1871 dé ìyá bàbá yín, ó kéré tán ẹnì kan tàbí méjì ló wà láàárín wọn tí a ò mọ̀, orúkọ kan náà sì lè wà ní ilé márùn-ún láìbátan. Ẹ nílò ìwé kan tó so ẹlẹ́rìí mọ́ ọmọ, àti òmíràn tó so ọmọ yẹn mọ́ ìyá bàbá yín, kí ìwé méjèèjì má sì jẹ́ pé ẹnì kan náà ló sọ ohun tó wà nínú wọn. Ìwé ìrìbọmi tó wà nínú páálí yẹn, ẹ ò tíì sọ orúkọ àwọn òbí ìrìbọmi tó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ wo ibẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Ẹ tún wo ọwọ́ tó kọ orúkọ sẹ́yìn àwọn fọ́tò náà, kí ẹ fi ṣe ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà èyíkéyìí tí ìyá bàbá yín bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìdì kejì, ẹ má tíì tú u. Ẹ kọ́kọ́ ya bí wọ́n ṣe ta òwú rẹ̀ ní kókó, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ti àbúrò yín mọ́ ìta.